Ìyá Olóbì kọ̀, kò fẹ́ gbé inú ìtàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ohun tí mo ń kọ lórí ìyá tó ń ta obì gbànja ní Ṣágámù, iṣẹ́ ò dúró, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni: ìtàn, eré, ewì àti àròkọ ló ti pín sí báyìí. Alẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni mo máa ń kọ ọ́, ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n kọsítọ́mà sí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà, torí ọ̀rọ̀ kì í dúró dè mí kí n gé aṣọ tán.

Ìtàn kúkúrú ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Ìyá kan ní Mákùn, ó ti ń ta obì fáwọn Haúsá ní Sábó látìgbà ọmọge, alágbàtà kan ló ń bá a wá oníbàárà tó ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Alágbàtà kú, ọmọ ẹ̀ jókòó sáyè bàbá, ọmọ ò sì mọ̀ pé bàbá òun jẹ ìyá yìí lówó rẹpẹtẹ. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi ìnájà báyìí, àfi "ó ní", "ó dá a lóhùn pé", "òun náà tún ní", gbogbo ooru ibẹ̀ á ti tán kí ọ̀rọ̀ tó dé etí òǹkàwé. Ìyá yẹn ò fẹ́ kí n máa bá òun jíṣẹ́. Mo bá gbé ibẹ̀ kúrò pátápátá, mo fi ṣe eré. Sáni lorúkọ ọmọ alágbàtà yẹn. Ẹ wò ó:

SÁNI: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, obì yìí mà ti ń rọ.
ÌYÁ: Èwo ló ń rọ? Fọwọ́ kàn án dáadáa. Bàbá ẹ kì í fojú ra obì, ìka ló fi ń rà á.
SÁNI: Bàbá mi ti lọ, Màmá.
ÌYÁ: Mo mọ̀ pó lọ. Owó mi ńkọ́, òun náà bá a lọ ni?
(Ìyá pa obì, ó na awẹ́ kan sí i. Sáni gbà á, kò jẹ ẹ́, ó rọra dá a padà sínú agbọ̀n.)

Ibi awẹ́ obì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní ìtàn ni, màá ṣàlàyé ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ẹni tí wọ́n fún lóbì tí ò jẹ ẹ́, ta ni ò mọ ohun tó ń sọ? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka ti Ìyá, ọmọ iṣẹ́ mi ka ti Sáni nínú ṣọ́ọ̀bù, kọsítọ́mà kan tó wá gba bùbá ẹ̀ jókòó tì wá, nígbà tá a ṣe tán ó ní, "Ṣé ó wá padà san owó náà?" Inú mi dùn débi pé mi ò gba owó bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ewì tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ti ríbi jókòó sí. Ògúndé, ọmọ Òsósà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, ọlọ́pàá tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ onítíátà sílẹ̀ ní 1945, orin ló máa ń fi ṣíde eré, èmi náà á fi ewì mi ṣíde:

Ẹ yọ ọ́ léèpo, ẹ rẹ ẹ́ sómi,
Kílẹ̀ tó mọ́, awọ funfun á rọ̀.
Ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dà á ságbọ̀n,
Ẹ fewé tútù bò ó bí ọmọ tuntun.
Ẹ ṣà á, ẹ tún un ṣà,
Kòkòrò ò sùn, Ìyá ò sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yọ ọmọ tuntun kúrò, ó ní ó ti dùn jù. Mi ò yọ ọ́ jàre.

Àròkọ ló kù, òun ló sì gba gbogbo ẹrù tí ò ṣeé gbé sẹ́nu èèyàn. Pé gbànja ò ní ju awẹ́ méjì lọ, pé àbàtà sábà máa ń ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, pé àbàtà la fi ń bọ òrìṣà tá a sì fi ń sọmọ lórúkọ, gbànja wá jẹ́ tọjà ní tiẹ̀, ọ̀nà Òkè Ọya ló mọ̀. Pé ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kan kóra jọ di Ṣágámù torí ogun. Ẹ sọ fún mi, olóbì wo ló máa dúró lórí ọmọ onígbèsè tá á máa ka 1872 fún un? Ibi àròkọ ni irú ẹ̀ ń gbé.

Àwọn kan ti ní kí n mú ẹyọ kan, kí n fi yòókù sílẹ̀. Ṣóyínká tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ síbí, ó ń kọ eré, ó ń kọ ewì, ó ń kọ ìtàn, ó ń kọ àròkọ, ìyẹn ò ní kí wọ́n má fún un ní Nobel lọ́dún 1986. Èmi ò wá Nobel o, mo kàn ń sọ pé ọ̀nà ò dí ni.

Ìtàn náà ṣì wà, ó ti kúrú sí i ni. Alẹ́ tí Ìyá dá jókòó ti agbọ̀n tó ń rántí bí gbèsè yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, eré ò lè rí inú ẹ̀.

Ìran kejì ló wà lọ́wọ́ báyìí. Sáni á sọ Haúsá níbẹ̀ nígbà tínú bá bí i, ọ̀gbẹ́ni tó ń ta sùyà ní Sábó ti gbà láti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n má kọ èébú tí ò dáa síbẹ̀. Onígángan ni mo ṣì ń wá fún orin ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ò ní bèèrè owó ìnáwó ìyàwó lọ́wọ́ mi, tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ bá mi sọ fún un.