Àkàsọ̀ ìdí táǹkì: igi ti parí, ilẹ̀ ló kù

Igi àkàsọ̀ tí mo ń kàn láti fi gun ìdí táǹkì omi wa ti parí. Gbogbo ìdábùú, ìyẹn igi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ gòkè, ti wọ ojú ihò tí mo gbẹ́ fún un, bóòtù ti wà nídìí wọn, mo ti fi sáńpépà gbo ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú, fáníìṣì sì ti gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ̀ pé igi tíìkì ni mo rà ní ọjà pákó Bódìjà n'Íbàdàn, tú-báì-fọ́ọ̀ (tó nípọn ní íǹṣì 2, tó fẹ̀ ní íǹṣì 4) fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn. Láti ìdábùú kan sí èkejì jẹ́ íǹṣì 12. Ìyẹn ti tán. Ilẹ̀ tí mo gbé e lé ló ń bá mi fà á.

Pèpéle irin tí táǹkì jókòó lé ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí ibi tí àkàsọ̀ fara tì fi ga, ẹsẹ̀ bàtà kan ni ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Tèmi wá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, orí rẹ̀ á sì yọ kọjá pèpéle ní ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kéèyàn lè rí nǹkan dì mú kó tó gbé ẹsẹ̀ sórí pèpéle. Ó bójú mu lórí ìwé. Àmọ́ ibi ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn gan-an ni kọnkéré ti da gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí gọ́tà, ibẹ̀ náà ni omi máa ń dà sí bí táǹkì bá kún, nǹkan aláwọ̀ ewé kan sì ti hù bo ojú rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá kanlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á fi nǹkan bí ìka méjì wà lókè.

Mo gba táyà ògbólógbòó lọ́wọ́ fọkanáísà, mo gé e, mo sì kàn án mọ́ ìdí ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo rí i pé orí ìṣó rì wọnú rọ́bà, torí bí ó bá yọ síta, irin ni yóò máa tẹ kọnkéré, táyà ò sì wúlò mọ́. Mo fi ègé pákó kan gbé ẹsẹ̀ òsì sókè fúngbà díẹ̀. Ara mi kọ́ ni mo fi dán an wò. Yanrìn la rọ sínú àpò símẹ́ńtì, a so ó mọ́ ìdábùú kejì, a bọ́ sẹ́yìn. Kò mira. A gbé e dé àárín, kò mira. Ìgbà tí a so ó mọ́ ìkẹta láti òkè ni àbúrò mi figbe ta: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó o, ó ń rìn!” Lóòótọ́ ló ń rìn. Ìdí rẹ̀ ń sún síta díẹ̀díẹ̀, rọ́bà ń fa ìlà dúdú sórí kọnkéré. A bu omi sí ilẹ̀, a tún un ṣe: ó yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣubú gbì.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyí. Bí ẹrù bá wà nísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ń tẹ ìdí àkàsọ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ṣe ń gòkè ló ṣe ń ti orí mọ́ ibi tó fara tì, ibẹ̀ ń tì í padà, ìdí ló sì ń wá ọ̀nà sá. Ẹni tó fò sókè fò sílẹ̀ lórí ìdábùú kìíní, tó wá ní “ó dúró dáadáa,” kò tíì dán nǹkan kan wò.

Ọ̀gá akunlé kan ládùúgbò ní kí n sáà jẹ́ kí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń di ìdí mú ló ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Àti pé tí àgbàlagbà tó gbé báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà bá ti wà lókè, tí ìdí wá yọ, ọwọ́ wo ló fẹ́ dá a dúró? Ọ̀gá yìí kan náà fẹ́ ta mí lọ́rẹ ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí àkàsọ̀ lè “dán.” Mo dúpẹ́, mi ò gbà á. Ọ̀dà ń bo àṣírí igi: ó lè là, ikán lè wọ̀ ọ́, o ò ní rí i. Fáníìṣì tí ojú ń là kọjá ló yẹ igi tí èèyàn máa gùn.

Àwọn tó ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra oní-alumíníọ́mù tó fúyẹ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Wáyà iná tó ti orí òpó wọlé wa gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì kọjá. Alumíníọ́mù ń gbé iná, igi gbígbẹ ni mo fẹ́ níbẹ̀. Bí òjò bá pa igi náà pẹ́nrẹ́n, mi ò ní gùn ún, torí igi tútù ń gbé iná.

Mo ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé màá gbẹ́ pákó onímú (tó nípọn lápá kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì) tó máa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì títí lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo fagi lé e. Pákó onímú lórí ilẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́ tó tutù, òun gan-an á kọ́kọ́ yọ. Màá fọ́ kọnkéré ibẹ̀, màá da òmíràn tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, 3 ní gígùn, màá fi ìgbálẹ̀ gbá ojú rẹ̀ kó tó le kó lè rí ṣákiṣàki. Páìpù omi tó ń dà sílẹ̀ yẹn náà gbọ́dọ̀ kọjú síbòmíràn.

Ní báyìí, okùn ló ń gbà mí sílẹ̀. Mo so ìdí ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ irin pèpéle, mo so orí náà, àpò yanrìn dé òkè, kò sún rárá. Ìkọ́ irin ló máa rọ́pò okùn òkè, kì í ṣe èyí tí wọ́n jó mọ́ pèpéle pa, torí àkàsọ̀ tó bá sùn síta, olè ló ń dúró dè. Inú ilé ni tèmi ń sùn, pẹ̀lú ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́.

Wẹ́dà ń bi mí pé ọ̀pá irin wo ni kí òun fi tẹ ìkọ́ náà. Irin pèpéle fẹ̀ ní íǹṣì 2. Ṣé 12 mm tó, àbí kí n lọ gba 16? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ dákun, ẹ fún mi lésì kí n tó san owó irin.