Ọwọ́ Ta Ni State Wà?

Èmi àti àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi la jọ jókòó ti iṣẹ́ kan lónìí. Ìyá kan tó ń ta èlò oúnjẹ ní ọjà Bódìjà ló ní kí a bá òun ṣe ojú-ìwé. Kò béèrè ohun ńlá: kí oníbàárà rí gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà àti iye owó wọn, kí ó lè wá èyí tó fẹ́, kí ó sì kó o sínú agbọ̀n. React, irinṣẹ́ JavaScript tí a fi ń kọ́ ojú-ìwé, la fi ń ṣe é. Àbúrò mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ component: function lásán ni, ó ń gba props, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè, ó sì ń dá ohun tó yẹ kó hàn lójú fóònù padà. Ìyẹn kò ni ín lára. Ohun tó gba ọ̀sán wa ni ìbéèrè tí àwọn fídíò tó ń wò kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé: dátà tó ń yí padà yìí, tí React ń pè ní state, ọwọ́ ta ló yẹ kó wà?

Kí a tó débẹ̀, ó ti kọ́kọ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí a fi ń kọ HTML sínú JavaScript? Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ nìyẹn nígbà tí Facebook gbé React síta níbi ìpàdé JSConf ní Amẹ́ríkà, lóṣù karùn-ún ọdún 2013. Jordan Walke ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ti ń lò ó nínú iléeṣẹ́ wọn kí ayé tó rí i, ṣùgbọ́n JSX, ìkọ̀wé tó jọ HTML yìí, ni àwọn èèyàn bínú sí. JSX kì í sì í ṣe HTML. JavaScript ni yóò dà kí browser tó kà á. Lójú tèmi, bọ́tìnnì àti iṣẹ́ tí bọ́tìnnì náà ń ṣe kò ní ìdí tí wọn yóò fi máa gbé inú fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, a sì kọjá.

Ó ti kọ àpótí ìwákiri kí n tó yíjú sí i. useState mẹ́ta, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú state sí, ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀, ọ̀kan fún gbogbo ọjà, ọ̀kan fún àwọn ọjà tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ó wá fi useEffect kan sí i tí yóò máa tún ẹ̀kẹta ṣe nígbàkigbà tí ẹ̀kíní bá yí padà. "Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó." Òótọ́ ni. Mo ní kó wá ẹ̀wà, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó wá yí owó ẹ̀wà padà nínú gbogbo ọjà. Owó àtijọ́ ṣì jókòó pẹ̀sẹ̀ lójú fóònù, torí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ nìkan ni useEffect náà ń ṣọ́.

Ó fẹ́ sáré fi gbogbo ọjà kún ohun tó ń ṣọ́. Mo ní kó dúró. "Bí o bá mọ gbogbo ọjà, tí o sì mọ ohun tí wọ́n tẹ̀, kí lo tún fẹ́ fi ẹ̀kẹta ṣe?" Ó ronú díẹ̀. "Àbí kí n kàn fi filter yọ ọ́?" Ìyẹn náà ni. Ohun tí a bá lè ṣírò láti inú òmíràn kò yẹ ní fífi pamọ́. Ìlà kan péré ló rọ́pò useState kẹta àti useEffect, gbogbo ìgbà tí function bá ṣiṣẹ́ ni yóò sì ṣírò rẹ̀ lọ́tun.

Àrùn yìí bá àwọn Facebook fúnra wọn jà. Níbi F8, ìpàdé tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ ètò, ní 2014, wọ́n ròyìn nọ́ńbà kékeré kan tó máa ń hàn lórí ibi tí àwọn èèyàn ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn: á ní ọ̀rọ̀ tuntun wà, o á ṣí i, o ò ní bá nǹkan kan. Wọ́n á tún un ṣe, á tún padà wá. Ibi púpọ̀ ló ń tọ́jú iye kan náà, tí oníkálukú sì ń yí tirẹ̀. Flux, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀, kò ju pé kí dátà máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá.

Agbọ̀n ló kàn. Nọ́ńbà tó wà lókè ojú-ìwé fẹ́ mọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjà kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ sì fẹ́ máa fi kún un. Àbúrò mi fẹ́ kí méjèèjì ní tiwọn, kí wọ́n máa ránṣẹ́ síra. Mo bi í pé nínú ẹgbẹ́ tí ìyá rẹ̀ wà, akápò mélòó ni wọ́n yàn. Ọ̀kan ni. Ẹni tó fẹ́ san owó á gbé e fún un, ẹni tó fẹ́ mọ iye tó wà nílẹ̀ á bi í. A bá gbé state agbọ̀n lọ sọ́dọ̀ component tó bí àwọn méjèèjì. Iye náà ń sọ̀ kalẹ̀ bíi props, function tí ọmọ yóò fi béèrè fún àyípadà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bíi props. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fún un.

Ibi tó yà á lẹ́nu jù ni bọ́tìnnì "fi mẹ́ta kún un". Ó pe setIye(iye + 1), function tí useState fún wa pẹ̀lú iye, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ọ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Ó ní React ló ní kùdìẹ̀-kudiẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí React pe function náà, 0 ni iye, 0 náà ni yóò sì jẹ́ títí function ọ̀hún yóò fi parí. setIye kò yí i padà. Ó kàn ń sọ fún React pé kó tún function pè pẹ̀lú iye tuntun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti sọ pé "kó di 1". Bí a bá kọ setIye(n => n + 1), a ò sọ ohun tí yóò dà mọ́, bí yóò ṣe máa pọ̀ sí i la fi ránṣẹ́, React yóò sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan dé 3. Mo ní kó fi console.log, tó ń tẹ iye síta, wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó. "Háà!"

Ìgbà yẹn ló wá béèrè ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù: "Ẹ̀gbọ́n, bí function bá ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, níbo ni iye ń sùn sí?" Ọ̀dọ̀ React ni, kì í ṣe inú function wa. Ipò tí component wà nínú igi ojú-ìwé ló fi ń dá a mọ̀. Nínú component kan náà, bí àwọn hook (useState àti useEffect wà lára wọn) ṣe tò tẹ̀ léra ló fi ń mọ èyí tí í ṣe èyí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fi useState sínú if. Hook ò sì sí látìbẹ̀rẹ̀, React 16.8 ló gbé e dé lóṣù kejì ọdún 2019. Class la ń kọ tẹ́lẹ̀ bí component bá ní state, pẹ̀lú this tí à ń bind kiri. Àárò rẹ̀ ò sọ mí rárá.

Láti mọ ohun tó yí padà, React ń fi igi tuntun wé ti àtijọ́, ibi tó bá yàtọ̀ nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn nínú DOM, ìyẹn ojú-ìwé gan-an bó ṣe wà nínú browser. Ká ní ó fẹ́ ṣe ìfiwéra náà láìkù síbì kan, iṣẹ́ náà á tó n³, tí n jẹ́ iye ẹ̀ka igi: ẹ̀ka 1,000 yóò gba nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ìfiwéra. Ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí irú nǹkan bá yí padà, á wó o, á tún un kọ́. Nínú àkójọ, key, àmì ìdánimọ̀ tí a fún un, la fi ń dá ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Àbúrò mi ti fi index, ìyẹn nọ́ńbà ipò ọjà nínú àkójọ, ṣe key kí ìkìlọ̀ pupa tí React ń fi hàn bí kò bá sí key lè kúrò lójú rẹ̀. A tẹ 5 sínú àpótí iye tó wà níwájú èlùbọ́ lókè, a ní kí àkójọ tò láti orí owó tó kéré jù. Gàrí bọ́ sókè, 5 dúró síbi tó wà, ó di ti gàrí. Ẹni tó fẹ́ rokà á wá gba ohun tí yóò fi tẹ ẹ̀bà. A fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọjà rọ́pò index, 5 sì tẹ̀ lé èlùbọ́ lọ.

Ìwákiri tún dá wa dúró lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń fi fóònù tẹ nǹkan kì í fi àmì sí i. "Ewa" ni wọn yóò tẹ̀, "ẹ̀wà" ló wà nínú àkójọ. Ẹni tó fi àmì sí i pàápàá lè má bá a, torí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀. Ó lè jẹ́ U+1EB9 kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, ó sì lè jẹ́ e lásán pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, ṣùgbọ́n JavaScript ní wọn ò dọ́gba. A fi normalize('NFD') tú ọ̀rọ̀ méjèèjì sí lẹ́tà àti àmì, a yọ gbogbo àmì tó wà láàárín U+0300 sí U+036F, a wá fi wọ́n wéra. Àbúrò mi fẹ́ yọ àmì kó tó fi ọ̀rọ̀ sínú state. Mo ní rárá. Ohun tó wà nínú state ni àpótí náà ń fi hàn. Ẹni tó fara balẹ̀ tẹ ẹ̀wà yóò máa wo àmì rẹ̀ bó ṣe ń pòórá bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí state tọ́jú ohun tí èèyàn tẹ̀ gan-an, kí yíyọ àmì wà níbi tí a ti ń ṣírò.

Agbọ̀n ṣì ń ṣófo bí èèyàn bá tún ojú-ìwé ṣí, torí inú mẹ́mórì ni state ń gbé. localStorage, ibi ìpamọ́ inú browser, la máa lò lọ́la, ibẹ̀ sì ni useEffect ti wúlò lóòótọ́, torí ohun tó wà lóde React la fẹ́ kí state bá dọ́gba. Àbúrò mi ti ń bi mí bóyá ká kúkú gbé Redux, irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún ìtọ́jú state, wọlé. Nítorí gàrí àti èlùbọ́? Mo ní kó lọ jẹun ná.