Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Agbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi ní ìlú Oǹdó. Ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò ra ajílẹ̀ fún un rí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í tún un gbìn, síbẹ̀ kò sí ọdún kan tí a kò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gé níbẹ̀, tí ìyá mi yóò fi dín dòdò, tí yóò bù fún àwọn ará ilé kejì, tí yóò sì sá ìyókù fún ẹ̀lúbọ́. Bàbá mi ní tirẹ̀ lóko, èyí tí ó gbìn sáàárín kòkó kéékèèké kí òjìji rẹ̀ lè bò wọ́n, ṣùgbọ́n ti oko kì í pẹ́. Ní ọdún kìíní, a ó gé èyí tí ó tóbi. Ní ọdún kejì, yóò ti kéré sí i. Bí ó bá fi máa di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti wó lulẹ̀. Irú kan náà ni wọ́n, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ sí wọn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà, àṣìṣe mi ni ó sì kọ́ mi.

Ní ọdún 2016, nígbà tí a kó lọ sí ilé tiwa ní Ìbàdàn, ohun àkọ́kọ́ tí mo rà sí ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tí ewé wọn fẹ̀ dáadáa ni mo ṣà, nítorí wọ́n wù mí lójú. Ìdí ògiri ọgbà, níbi tí ó jìnnà sí ilé jù lọ, ni mo gbẹ́ ihò sí, kí ẹ̀yìnkùlé lè mọ́ tónítóní. Mo sì gbìn wọ́n bí mo ṣe rà wọ́n gẹ́lẹ́, tiyẹ̀pẹ̀-tiyẹ̀pẹ̀, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń gbá ewé gbígbẹ ìdí wọn, mo sì máa ń kó o sínú àpò fún àwọn akólẹ̀. Lójú mi, ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ so kéré, ó sì rí tín-ín-rín. Nígbà tí ó di oṣù Igbe ọdún kejì, ìjì òjò kan jà lóru, ó sì dá márùn-ún nínú wọn dùbúlẹ̀, tèso-tèso ni mẹ́ta nínú wọn ṣubú.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní kí n gbé àdá wá, ó sì la ìdí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣubú sí méjì. Ó yẹ kí ibẹ̀ funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ṣùgbọ́n ihò ni ó kún ibẹ̀, ihò dúdú tí ó yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, tí bírò lè wọ̀, tí lẹ́búlẹ́bú kún inú rẹ̀. Ní ìparí ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, ìdin kan wà níbẹ̀, ó funfun, ó sanra, orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò ní ẹsẹ̀ kankan, ó sì ká kò síbi tí ó jẹun dé. Kòkòrò dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ gùn ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òru ni kòkòrò náà máa ń rìn, kò sì yára, nítorí náà kì í sábà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilẹ̀ tuntun. Ara ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò bó ni ó máa ń gbà wá. Èmi ni mo fi owó mi rà á wọlé. Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, òtítọ́ sì ni, nítorí ohun tí a ń pè ní ìtì yẹn kì í ṣe igi rárá, ìdí ewé ni ó wé mọ́ ara wọn. Igi rẹ̀ gan-an ni èyí tí ó wà nínú ilẹ̀. Bí kòkòrò bá ti jẹ ibẹ̀ tán, ewé òkè lè ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mú mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá mi yíjú sí àpò tí mo dì sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn akólẹ̀. Ó ní, “Àṣàkẹ́, kí ni ó wà nínú èyí?” Mo ní èèpo iṣu ni, mà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ẹ̀fọ́ àti ewé gbígbẹ. Ó ní, “Oúnjẹ rẹ̀ ni ò ń kó fún akólẹ̀ yìí. Ta ní ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tí kò ti ní rí jẹ?”

Nígbà tí mo wá ka ohun tí àwọn onímọ̀ IITA ti kọ lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá mi àti tiwọn kò yàtọ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, ibùdó wọn tí ó wà ní Onne, nítòsí Port Harcourt, sì ti ṣe ìwádìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú mi dùn láti rí i pé “Agbagba” náà ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn, tí orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pè é lọ́jà sì ti di orúkọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fi mọ irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Wọ́n kíyè sí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú oko máa ń rẹ̀yìn láàárín ọdún díẹ̀, nígbà tí èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé lè máa so fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, nítorí pé pàǹtírí ilé kì í tán ní ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìn, òkè ilẹ̀ ni ó ti ń jẹ, kò sì lágbára láti gba inú ilẹ̀ líle kọjá. Bí èèpo àti ewé bá ń jẹrà lórí ilẹ̀ náà, ilẹ̀ yóò rọ̀, omi yóò dúró nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko kò ní ráyè hù, gbòǹgbò yóò sì tàn káàkiri. Eérú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí potásíọ̀mù wà nínú eérú igi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí níbi ìsìnkú àwọn àgbà, n kò sì ronú rí pé eérú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú rẹ̀ jọ ń gbé lẹ́yìn ilé ìdáná kan náà ni.

A hú gbogbo èyí tí ó wà ní ìdí ògiri, a gé ìdí wọn wẹ́wẹ́, a sì sá a sóòrùn kí ìdin inú rẹ̀ lè kú. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà ni a wá láti gbìn dípò rẹ̀, ìyá mi sì ni ó ṣà wọ́n. Kò fọwọ́ kan èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré, nítorí irú èyí kò so mọ́ ìyá rẹ̀ dáadáa, kì í sì í lágbára. Èyí tí ewé rẹ̀ rí tóóró bí idà, tí ìdí rẹ̀ sì ki, ni ó mú. A gé gbogbo gbòǹgbò ara wọn kúrò, a sì fi ọ̀bẹ bó ìdí wọn títí ó fi funfun láìsí àmì dúdú kankan. Ìkòkò omi gbígbóná ni mo fi kún tirẹ̀. Mo ti kà á pé bí a bá ri ìdí tí a ti bó náà bọ inú omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, ẹyin kòkòrò àti àwọn aràn tín-tìn-tín tí ń jẹ gbòǹgbò yóò kú, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò sì ní kú. Ìyá mi kọ́kọ́ pariwo pé mo fẹ́ sè é jẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó hù, ó ní kí n wá ṣe é ní Oǹdó.

Mítà mẹ́ta ni mo fi sáàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo sì gbìn wọ́n sí, níbi tí èèpo ọwọ́ mi kò ti ní rìn jìnnà. Omi tí a fi fọ iṣu àti ìrẹsì ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í da omi ọṣẹ tàbí òróró sí i. Nítorí pé gáàsì ni mo fi ń dáná, ọ̀dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì ìkóríta wa ni mo ti ń gba eérú. Bí ó bá ti tutù pátápátá, mo máa ń wọ́n ọn yí ìdí wọn ká ní ìwọ̀nba, nítorí eérú àpọ̀jù máa ń ba ilẹ̀ jẹ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa gòkè kúrò nínú ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a sì hàn síta. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń kó ewé àti èèpo jọ sí kí ó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Àrùn ewé kò yọ tèmi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní black Sigatoka, tí wọ́n fi orúkọ àfonífojì kan ní orílẹ̀-èdè Fíjì sọ, dé Nàìjíríà láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ó máa ń fa ìlà dúdú sára ewé títí ewé yóò fi gbẹ kí èso tó gbó. Mo máa ń gé ibi tí ó ti kú lára ewé, mo sì máa ń dá ewé tí ó kù sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń jẹun yó máa ń yọ ewé tuntun kíákíá, òun ni ó fi ń rí èso rẹ̀ bọ́ títí yóò fi gbó.

Ọ̀kan nínú wọn yọ òdòdó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní àárọ̀ àná, ìpele kan nínú èèpo pupa rúsúrúsú tí ó bo òdòdó náà ká sókè bí etí fìlà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kéékèèké sì jókòó ní ìlà lábẹ́ rẹ̀, omi dídùn ń kán láti ẹnu wọn, àwọn oyin sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Ó kù bí oṣù mẹ́ta kí ó tó gbó. Mo pe ìyá mi láti sọ fún un, kò sì tíì jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí ó fi bi mí bóyá mo ti fi ọ̀pá tì í. Mo ti gé ọparun méjì sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni n ó so wọ́n pọ̀ lórí, tí n ó sì fi wọ́n gbé ọrùn rẹ̀ ró, nítorí òjò ti ń ṣú láti apá ìlà oòrùn.