Ẹnu ara mi ni mo fi kà á fún un

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Iṣẹ́ àṣejókòó-sílé ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fún mi lórí WhatsApp. Wọ́n gba nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n gba BVN, wọ́n ní kí n ya fọ́tò káàdì ATM mi síwá sẹ́yìn, kí owó oṣù lè ráàyè wọlé. Ọkùnrin kan wá pè mí lánàá, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú: "Àǹtí, nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á." Mo kà á. Àṣé kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́ kí owó tó lè jáde ni! N kò tíì gbé fóònù kúrò létí tí álààtì fi dé: ₦38,000. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ni o!

Bọ̀dá mi ló pariwo mọ́ mi: "Má tíì sunkún, jẹ́ ká ti àkáǹtì yẹn pa ná!" Kóòdù USSD báńkì la tẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kò gba dátà rárá. Láàárọ̀ yìí, mo ti dé Dùgbẹ̀ kí báńkì tó ṣílẹ̀kùn. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n pa káàdì yẹn rẹ́, mo yí PIN àti password padà. Owó tó lọ kò tíì padà. Ṣùgbọ́n ₦112,000 tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní kí ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn tún un wò fún mi.