Owó unemployment tó há: ẹ má dá sẹ́tífáì dúró

Ẹ̀yin ará wa tá a jọ wà ní Amẹ́ríkà ńbí, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Gbogbo ìgbà lẹnìkan máa ń pè mí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, òun ti fáìlì fún unemployment, owó tí ìpínlẹ̀ ń san fẹ́ni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ "pending" (wọn ò tíì pinnu) ló wà lójú kọ̀ǹpútà látìgbà yẹn, owó ò wọlé, àlàyé ò sí, téèyàn bá sì pe fóònù ọ́fíìsì unemployment, orin ni wọ́n á máa kọ sí i létí. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, ṣé ẹ ṣì ń sẹ́tífáì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni pé ṣé ẹ ṣì ń dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi ń bèèrè owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Ọ̀pọ̀ á ní rárá o, nígbà tí wọn ò tíì fọwọ́ sí i, kí lòun fẹ́ máa sẹ́tífáì sí. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Back pay, ìyẹn owó àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá tí wọn ò tíì san, kì í ṣe owó kan tí wọ́n máa jókòó ṣírò fún yín lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yín bá yanjú. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró láyè ara ẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ (láwọn ìpínlẹ̀ kan ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni) wọ́n á bi yín pé ṣé ara yín le tó láti ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ráyè bí iṣẹ́ bá yọjú, ṣé ẹ wáṣẹ́, ṣé wọ́n fún yín níṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ̀ ọ́, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ kankan tówó wà níbẹ̀. Ẹ dáhùn, ẹ fi ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ yẹn ti wà nínú ìwé nìyẹn. Èyí tẹ́ ò bá dáhùn, lójú tiwọn ẹ ò bèèrè owó ọ̀sẹ̀ yẹn rárá. Tí wọ́n bá wá dá yín láre lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ sẹ́tífáì ni wọ́n máa san, ìyókù ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ ó máa ṣàlàyé ohun tó dá yín dúró tẹ́ ò fi dáhùn lásìkò, wọ́n lè gbà, wọ́n lè má gbà. Torí náà bí wọ́n kọ pending o, bí wọ́n kọ denied (wọn ò gbà) tẹ́ ẹ sì ti ṣe àpíìlì, tẹ́ ẹ ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò o, ẹ máa sẹ́tífáì lọ títí ẹ ó fi ríṣẹ́ tàbí títí ẹjọ́ á fi parí pátápátá.

Kí n tó lọ jìnnà, ojú tó ń ti àwọn èèyàn wa lórí owó yìí ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé òun ò ní lọ tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe owó àánú o! Òfin Social Security tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní 1935 ló gbé e kalẹ̀, owó orí tí àwọn tó gbà yín síṣẹ́ ń san lórí yín ló sì ń gbé e. Ìjọba àpapọ̀ ń gba ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $7,000 àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà lọ́dún, wọ́n sì máa ń yọ 5.4 kúrò níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó bá san ti ìpínlẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni pé $42 ló kù lórí òṣìṣẹ́ kan, ti ìpínlẹ̀ wá tún wà lọ́tọ̀. Ní Alaska, New Jersey àti Pennsylvania wọ́n tún ń yọ díẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀. Wọ́n ti sanwó ìdúró yín sílẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti wọṣẹ́. Àwọn míì ń bẹ̀rù pé á ṣàkóbá fún gíríìnì káàdì wọn, pé wọ́n á ní wọ́n ti di ẹrù sọ́rùn ìjọba. Wọn kì í ka unemployment mọ́ ìyẹn, torí owó téèyàn fi iṣẹ́ ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín pé, nígbà tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ àti nígbà tẹ́ ẹ ń gba owó náà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá ku ìdí tó fi ń pẹ́.

Tèmi, ibi méjì ló ti há. Warehouse ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjà wálẹ̀, wọ́n dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wá ni wọ́n ń pè ní monetary determination, òun ló ń sọ iye tẹ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́sẹ̀. Ẹ má kàn wo iye tó wà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ sì jù ú sílẹ̀, ẹ wo àtẹ tó wà láàárín ẹ̀. Wọ́n á pín owó tẹ́ ẹ gbà sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú márùn-ún tó parí kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fáìlì ni wọ́n sábà máa ń lò, òun ni wọ́n ń pè ní base period. Nínú tèmi, òdo ló wà ní ibi méjì nínú mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ mo ṣiṣẹ́ gbogbo oṣù yẹn, òfátáìmù pàápàá. Owó tí wọ́n ní mo lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́sẹ̀ wá kéré débi pé kò tó owó epo mọ́tò. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé owó tí ilé iṣẹ́ ròyìn fún ìpínlẹ̀ ò dé abẹ́ nọ́ńbà social mi. Mo kó pay stub (ìwé tó ń bá owó iṣẹ́ wá) àwọn oṣù yẹn àti W-2 (ìwé owó tí mo gbà lọ́dún) ránṣẹ́, mo kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé kí wọ́n tún owó mi ṣírò, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn, tí wọ́n gé e sí méjì níbi iṣẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, ẹ tètè fi káàdì social yín wé pay stub yín, torí tí orúkọ ò bá bára mu, ibi tí wọ́n ti ń yẹ yín wò bóyá ẹ̀yin lẹ lórúkọ ni kíléèmù máa dúró sí.

Àyẹ̀wò orúkọ yìí, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì nídìí. Ní 2020 tí kòrónà dé, nínú ọ̀sẹ̀ kan péré ní ìparí March, èèyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ ló fáìlì, bẹ́ẹ̀ iye tó pọ̀ jù kí ọdún yẹn tó dé ni 695,000, ti 1982. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ làwọn ìpínlẹ̀ kan ń lò, gómìnà New Jersey bọ́ síta ó ń wá ẹni tó gbọ́ COBOL, èdè kọ̀ǹpútà tó ti wà látìgbà àwọn bàbá wa. Ìjọba fi $600 lé e lọ́sẹ̀, àwọn olè sì rí àyè. Ó dùn mí pé ọmọ wa wà lára wọn: ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ gómìnà ìpínlẹ̀ kan nílé, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní May 2021, ó ti fi orúkọ olórúkọ gba owó unemployment ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Àwa tá a ṣiṣẹ́ tòótọ́ là ń jìyà ẹ̀ lórí ìlà.

Ibi kejì tí tèmi há sí ló wá le jù. Ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tiwọn pé èmi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra yín láìsí ìdí gidi, wọn ò ní san, torí náà gbólóhùn kan yẹn ti tó láti dá gbogbo ẹ̀ dúró. Wọ́n fi lẹ́tà denied ránṣẹ́. Inú bí mi, mi ò purọ́, mo tiẹ̀ sunkún. Àmọ́ ẹ̀yìn ìwé lẹ́tà yẹn ni wọ́n kọ ọjọ́ tí àpíìlì máa dópin sí, ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni wọ́n sì ń kà látibẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. California àti New York máa ń fúnni ní ọjọ́ 30, àwọn ìpínlẹ̀ míì ò ju 10 lọ. Ẹ má dúró de lọ́yà, ẹ má dúró de ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù yín lọ. Ìlà kan ti tó: "mi ò fara mọ́ ìpinnu yìí, mo fẹ́ hearing," nọ́ńbà kíléèmù yín, ọjọ́, ẹ fọwọ́ sí i, kó lọ. Àlàyé kíkún ṣì máa wáyé tó bá yá.

Orí fóònù ni wọ́n ti ṣe hearing náà, ìyẹn ìgbẹ́jọ́. Mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe ariwo. Adájọ́ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ní kí n búra, ó ní wọ́n ń gba ohùn wa sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ rán obìnrin kan láti ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ wọn, kò rí mi rí. Adájọ́ bi í pé ta ló sọ fún un pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní bó ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ó bi í pé ṣé súpáfáísọ̀ mi wà níbẹ̀, ó ní rárá. Ó wá kàn mí. Mo ti fi screenshot ránṣẹ́ sí wọn àti sí ilé iṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe, ti tẹ́ẹ̀sì tí súpáfáísọ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Friday pé kí n má wá ní Monday, pé iṣẹ́ ti tán, á pè mí tí nǹkan bá yí padà. Adájọ́ ka tẹ́ẹ̀sì yẹn sókè, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ó bi obìnrin yẹn pé ṣé ó ní ohun tó fẹ́ sọ sí i. Kò ní. Èmi náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bi mí ni mo dá lóhùn.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà níṣẹ́ pàápàá, ẹ má máa pa tẹ́ẹ̀sì rẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ̀yin ẹ fi íméèlì ránṣẹ́ sí wọn pé "ẹ sọ fún mi lónìí pé iṣẹ́ mi parí torí pé iṣẹ́ ò sí," kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀. Ìyẹn nìkan lè gbà yín lọ́wọ́ oṣù mélòó kan. Bí gẹ̀ẹ́sì òfin bá ń dà yín láàmú, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín, ti ìjọba ni, ẹ ò ní sanwó, ẹ má gbé ọmọ ọdún méjìlá sídìí fóònù kó máa túmọ̀ ẹjọ́ fún adájọ́.

Lẹ́yìn tí mo jàre, kò sówó ṣì. Ìwé ti ní kí wọ́n san, kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ pending. Ohun tó wá tú u ni ọ́fíìsì aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú àdúgbò mi. Ti ìpínlẹ̀ ni mo sọ o, kì í ṣe ti Washington D.C., torí ìpínlẹ̀ ló ń san owó yìí. Wọ́n láwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú níbẹ̀, wọ́n sì lọ́nà tiwọn tí wọ́n fi ń bá àwọn ará ọ́fíìsì unemployment sọ̀rọ̀. Mo fún wọn ní orúkọ, nọ́ńbà kíléèmù, ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé, pẹ̀lú ohun tí mò ń fẹ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bèèrè ohun tó dá owó yìí dúró. Kò pẹ́ rárá tẹ́nìkan fi pè mí láti ọ́fíìsì unemployment fúnra wọn. Bí ilé iṣẹ́ bá sì ṣe àpíìlì tiwọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jàre, wọn ò lè torí ìyẹn dá owó yín dúró, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 1971 nínú ẹjọ́ kan tó wá láti California. Àmọ́ tí ilé iṣẹ́ bá padà jàre, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ fìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ná gbogbo ẹ̀.

Nígbà tó wọ bánkì, kò wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìlà-ìlà ni, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì. Mo gbé ìwé tí mo kọ ọ̀sẹ̀ sí jáde, mo ń fi bírò gé wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò sí níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ ìdúró ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í san án. Ọ̀sẹ̀ kan kéré, torí mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì níbì kan nínú ẹ̀, mo sì ròyìn ẹ̀. Ẹ máa ròyìn ẹ̀ o, ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ náà lẹ máa fi sí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sanwó, iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí sì ni. Ẹni tó bá fi pa mọ́, wọ́n á padà rí i nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ròyìn, wọ́n á gba owó yẹn padà, wọ́n á tún bu ìtanràn lé e.

Owó orí wà lórí back pay náà. Ẹ lè ní kí wọ́n máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba àpapọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí owó oṣù púpọ̀ tó bá dé lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gbé owó orí ga. Ọdún tówó wọlé ni wọ́n ń kà á mọ́, tí wọ́n bá san ọ̀sẹ̀ October fún yín ní January, ti ọdún tuntun ni. Wọ́n á fi fọ́ọ̀mù 1099-G ránṣẹ́: àpótí kìíní ni gbogbo owó kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, àpótí kẹrin ni èyí tí wọ́n ti yọ fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ fi wé ohun tó wọ bánkì yín, tí kò bá dọ́gba, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tún un ṣe kẹ́ ẹ tó fáìlì owó orí.