Igi ni mo ń rà, kì í ṣe àga: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú kíkó àlòkù ní Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá bi mí bí mo ṣe ń rí àga àti tábìlì àlòkù tí kò wọ́n, ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún un: igi ni mo ń rà, n kì í ra àga. Fóòmù lè ti rún, aṣọ lè ti ya, pọ́líìṣì lè ti ṣí, ẹsẹ̀ kan lè ti yọ. Gbogbo ìyẹn ló ní àtúnṣe. Bí igi abẹ́ rẹ̀ kò bá dára, owó tí ẹ ná lé e lórí ti wọgbó.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dára fún iṣẹ́ yìí. Igbó ìjọba Omo, lọ́nà J4, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, kò jìnnà sí wa, ó sì pẹ́ tí gẹdú ti ń wọ àwọn sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó. Nítorí náà, ohun tí àwọn bàbá wa fi ṣe àga pálọ̀, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, ìrókò ni, àpá ni, màsóníà ni. Àwọn igi yìí ti wọ́n lónìí débi pé ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í fi wọ́n ṣe nǹkan mọ́ àfi bí oníbàárà bá dìídì béèrè. Síbẹ̀ wọ́n kún ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òjò ń pa wọ́n, ewúrẹ́ ń sùn lórí wọn.

Bí mo bá dé ibi tí àga wà, mo máa ń kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀. Fánìṣì kì í sábà dé ìsàlẹ̀ àga, torí náà àwọ̀ igi gan-an lẹ máa rí níbẹ̀. Mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ha igun kan tí ojú kò tó. Ìrókò a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ayùn, bó bá pẹ́ a ṣú. Àpá pupa, ó sì wúwo débi pé ẹnì kan kì í dá gbé tábìlì rẹ̀. Ikán kì í fẹ́ sún mọ́ àwọn méjèèjì yìí, ìdí nìyẹn tí àga bàbá àgbà fi ṣì wà dòní. Màsóníà ṣú, ó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Arère ní tiẹ̀ funfun, ó fúyẹ́, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. N kì í sanwó gidi lé e. Bí ẹ bá rí pákó tí etí rẹ̀ wú, tó ń rún bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, MDF ni, ìyẹn pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ ṣe, omi sì ti wọ̀ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọn ì báà fi fún yín, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń wo oríkèé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ihò, tí wọ́n fi igi bọ inú igi, ọwọ́ ọ̀gá ló ti jáde, ẹ lè tú u kí ẹ sì tún un tò láì ba nǹkan kan jẹ́. Bó bá jẹ́ ìṣó nìkan ló mú un, ẹ dín iye tí ẹ máa san kù díẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ kòkòrò kò ní kó yín láyà jẹ. Ẹ gbá ẹsẹ̀ àga náà mọ́lẹ̀: bí lẹ́búlẹ́bú bá dà jáde, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ máa nílò Solignum, oògùn tí wọ́n ń kùn sára igi láti pa kòkòrò. Bí kò bá sí nǹkan tó dà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lọ tipẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti kun Solignum, kí ẹ sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ pátápátá kí ohun náà tó wọ yàrá.

Àkókò tún ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ ń lọ wá a lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí Iléyá bá ń bọ̀ ni. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ wálé láti Èkó àti òkè òkun, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun wá jókòó sórí àga tó ya. Wọ́n á kun ilé, wọ́n á pààrọ̀ pálọ̀. Ìnáwó òkú àgbà náà rí bẹ́ẹ̀: ilé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún gbọọrọ, wọ́n á tún un ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ohun tó máa ń dùn mí dọ́kàn ni pé àwọn alásè ló sábà máa ń jogún igi ilé bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ilẹ̀kùn ìrókò tí wọ́n fi àáké là, tí wọ́n fi se ìrẹsì. Inú mi kì í dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú bí mo bá rí irú ẹ̀.

Nítorí èyí ni mo fi ń bá àwọn pẹ́ńtà àti àwọn tó ń kan òrùlé ṣọ̀rẹ́. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ wọ ilé tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá sì pè mí, mo máa ń fún wọn ní nǹkan, kódà bí n kò bá rí ohun kan rà lọ́jọ́ náà. WhatsApp àti Jiji, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ya fọ́tò ohun tó fẹ́ tà ti mọ̀ pé ó níye lórí.

Ẹnu ni iṣẹ́ yìí wà. N kì í dé ilé onílé kí n sọ pé mo wá ra pàǹtí. Ìyá àgbà kan ní Ìta-Ọsú, mo kí wọn dáadáa, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn àga tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn, ṣé ẹ ṣì ń lò wọ́n?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bá mi kó wọn kúrò o, eku ti sọ wọ́n dilé.” Wọn kò gba kọ́bọ̀. Mo gbá ẹ̀yìnkùlé náà mọ́ fún wọn, mo sì kó ìdọ̀tí tó kù dà nù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló jẹ́ pé àyè ni wọ́n ń wá, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kó ẹrù. Ohun ilé ẹbí, ti gbogbo ẹbí ni. Ẹ béèrè olórí ẹbí tàbí ọmọ tó dàgbà jù, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Bí òkú bá sì ṣì wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ẹ padà wá nígbà míì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè àti Ìjàgun máa ń ta bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti ṣẹ́ẹ̀fù ní owó pọ́ọ́kú bí wọ́n bá ti ṣe tán, torí owó ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé e lọ sílé ju owó rẹ̀ lọ. Ìta ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń gba yàrá, tiwọn ni ẹrù wọn. Ní Ìlíṣàn, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ti Yunifásítì Babcock ń gbé, ẹ má torí bẹ́ẹ̀dì akẹ́kọ̀ọ́ náwó ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìdun. Ó lè wà nínú oríkèé bẹ́ẹ̀dì fún oṣù bíi mélòó kan láì mu ẹ̀jẹ̀. N kì í gba mátírẹ́ẹ̀sì ẹnikẹ́ni láé. Férémù rẹ̀, mo máa ń tú u palẹ̀ síta, mo á da omi tó ń hó sí gbogbo ihò àti oríkèé, mo á sì tún un dà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí ẹyin tó bá ṣẹ́ kù á ti pa nígbà yẹn. Oòrùn nìkan kò tó. Àga onífóòmù náà, egungun rẹ̀ nìkan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn télọ̀ tó rán aṣọ ẹgbẹ́ Ojúde Ọba máa ń ní ègé tó ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Wọ́n rẹwà lórí tìmùtìmù ju aṣọ àga tí ẹ máa rà lọ́jà lọ.

Ní Ṣágámù, páléètì, pèpéle igi tí wọ́n ń to ẹrù lé, ni mo ń wá, torí iléeṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo àmì tí wọ́n fi iná tẹ̀ sára rẹ̀. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: igi náà gbóná dé 56°C títí dé àárín fún 30 ìṣẹ́jú. Ìyẹn dára. MB ni kí ẹ sá fún, oògùn olóró ni wọ́n fín sí i. Ẹ má sì bá máígádì dúnàádúrà lẹ́nu géètì. Ọ̀gá tó ń mójú tó ilé ìkẹ́rù ni kí ẹ rí, kí ó fún yín ní ìwé tí ẹ máa fi gbé e jáde.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Páálí àjà ilé àtijọ́ lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bó ti wù kí ilẹ̀kùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ dára tó, ẹ má bá wọn fọ́ páálí náà. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, torí náà omi ni mo fi ń rin ín kí n tó lo sáńpépà, n kì í sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Eruku màsóníà ń mú èèyàn sín, ó ń yún ara, ìrókò náà ń ta àwọn kan; ẹ bo imú yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi onímọ́tò iye tó máa gbà. Kòròpé láti Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde lè gba ju owó tábìlì lọ, torí náà mo máa ń dúró títí ẹrù á fi kún ọkọ̀.

Irin géètì tí ẹnì kan gbé wá lóru, bẹ́ǹṣì tí wọ́n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sí, n kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Òfin mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè, kì í ṣe ẹni tó jí i nìkan. Bí mo bá ra nǹkan, kódà bí wọ́n bá ta á lọ́rẹ, a máa ń kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ ẹni tó fún mi, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, àti ohun tí mo gbé, òun á sì fọwọ́ sí i.