Ohun tí a tún ṣe kí a tó ta ilé bàbá wa

Nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi fẹ́ ta ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n mo takú pé òrùlé tó ń jò àti omi ni kí a náwó lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó gidi ra ilé yóò ṣí ẹ̀rọ omi wò, yóò sì gbójú sókè wo àjà, bóyá òjò ti fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sí i. A pààrọ̀ páànù, a sì pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga. Ìwé ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ní àbùkù, nítorí ilé tí kò ní ìwé, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ̀dínwó ni oníbàárà yóò máa bèèrè.